Agbẹjọ́rò Tí Kò Gbowó

Àwọn àgbà wa ni wọ́n máa ń wí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi orí gba oòrùn àti ọyẹ́ ìlú Tamale, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gánà, pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi gbàgbé pé àlejò ni mí, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ àgbà náà pé ilé kan náà ni ó yẹ kí ènìyàn wò kí ó tó pe agbábọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀. Ohun tí a bá sọ ní Ọ̀fà tí gbogbo ènìyàn fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, bí a bá sọ ọ́ ní Tamale, ẹ̀rín yóò wà o, ṣùgbọ́n àwa gan-an ni wọn yóò máa rín.

Ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín ni mí, ọmọ ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò fún láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ mi bí a ti ń dúró wòran nígbà tí alágbára méjì bá wọ̀yá ìjà. Ní ilé wa, ọkùnrin tí kò lè sáré lé àkùkọ dé ẹ̀yìnkùlé a máa jókòó gẹlẹtẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n, a sì máa pàṣẹ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kí ó mú ẹni báyìí jáde, kí ó fi ẹni báyìí rọ́pò rẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá sì ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọn a bú u, wọn a bú ẹni tí ó yàn án, wọn a sì tún bú oúnjẹ tí ó jẹ kí ó tó jáde nílé. Rashidi Yekini pàápàá, akọni tí ó gbá góòlù 37 wọlé fún Nàìjíríà, tí ó di àwọ̀n ilé mú ní ọdún 1994 nígbà tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa gbá nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé sínú ilé Bulgaria, tí ó fi igbe sunkún ayọ̀ fún gbogbo wa, Yekini yìí náà, ní ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá fò lórí igi, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé wa sọ sí i, n kò sì ní tún un sọ níhìn-ín nítorí pé ọmọdé lè ka ìwé yìí.

Ìlú Tamale kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ọmọ Yorùbá tí ó bá la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Dàgọ́ńbà tí wọ́n ni ìlú a máa lóṣòó kí àgbà gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń dọ̀bálẹ̀. Aṣọ òfì onílà tí wọ́n ń pè ní fúgù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbárìyẹ̀ tiwa ṣe ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá sì gbé túwó sáfì síwájú ẹni, ọbẹ̀ àyòyò tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe ewédú tí a fi tọ́ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n alùpùpù wọn ni ó yà mí lẹ́nu. Ní Ọ̀fà, obìnrin ni ó máa ń jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, tí yóò gbá ẹrù rẹ̀ mọ́ra, tí yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra sáré; ní Tamale, ìyá tí ó fi ìborùn wé orí rẹ̀ dáadáa ni ó ń jókòó síwájú, tí ó di ọwọ́ alùpùpù mú, tí ó sì ń fọn fèrè mọ́ gbogbo ayé, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí ó ń tọrọ àánú Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀. Ní ti iná mànàmáná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, a máa lọ níbẹ̀ náà. Àfi pé ní ìgbà kan rí tí iná wọ́n gan-an, àwọn aláṣẹ Gánà tẹ ìwé tí ó fi ọjọ́ àti wákàtí tí yóò lọ hàn, kí onílé lè mú ara le. Tiwa kì í kéde àlọ, àbọ̀ rẹ̀ nìkan ni gbogbo àdúgbò máa ń fi ariwo kéde fún un, àkókò tí ó sì fẹ́ràn láti lọ jù ni ìgbà tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún pẹnáritì.

Kì í sì í ṣe àná ni ọmọ Yorùbá ti ń ná ọjà Tamale. Kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé ni àwọn bàbá wa láti Ọ̀fà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, láti Ìgbẹ́tì àti Ìlọrin ti ń pàtẹ níbẹ̀, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìyọ̀ǹda kó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹni tí ó ti kọ́lé, tí ó ti bímọ, tí ó sì ti sin òkú sí ìlú náà di ẹni tí ń fi ọjà ọgọ́rùn-ún ta ogún. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà san gbèsè náà padà tèlé-tèlé, àwọn ará Gánà sì di ẹrù wọn sínú báàgì onílà tí a ń fi ìrìn àjò wọn pè títí di òní olónìí. Àwọn ìjọba méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ti jọ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí Nàìjíríà àti Gánà bá pàdé lórí pápá, ẹ ó rí i pé àwọn ará ìlú kò tíì pa ìwé ẹjọ́ náà dé.

Ọdún 2008 ni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà tó rántí Tamale. Gánà ti gba ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lálejò ní 1963 àti 1978, ó sì bá wa pín in gbà ní 2000, ṣùgbọ́n Accra àti Kumasi nìkan ni wọ́n ń gbé e kà. Ẹni tí ó wà ní àríwá, tí ìrìn tí ó ju 600 kìlómítà lọ wà láàrin òun àti Accra, etí ni ó fi ń wòran láti inú rédíò. Nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé láti Shanghai wá parí pápá ìṣeré tuntun tí ó lè gba nǹkan bí 20,000 ènìyàn, èyí tí a ń fi orúkọ Aliu Mahama, igbákejì ààrẹ nígbà kan rí, pè lónìí, wọ́n pín Tùnísíà, Sẹ̀nẹ̀gàl, Gúúsù Áfíríkà àti Àǹgólà fún Tamale, ìdùnnú sì ṣubú lu ayọ̀ nínú ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú kí ọ̀sẹ̀ náà dùn mọ́ àlejò bí èmi nínú: kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó jẹ́ ti bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí náà olúkúlùkù ni ó lè fẹ́ ẹni tí ó wù ú láìjẹ́jọ́. Alájì tí ó ni ilé tí mo ń gbé gbárùkù ti Sẹ̀nẹ̀gàl nítorí ìsìn, ó sì gbárùkù ti Tùnísíà nítorí ìsìn kan náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní, tí wọ́n sì ta ọ̀mì 2-2, ó ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà òun nílọ̀ọ́po méjì. Èmi mú Àǹgólà nítorí pé kò sí ẹni tí ó mú un, Manucho kò sì dójú tì mí: òun gbá méjì, Flávio gbá ọ̀kan, Sẹ̀nẹ̀gàl fi 3-1 kó ìtìjú lọ, Henri Kasperczak tí í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá ẹ̀ẹ̀kẹta. Gúúsù Áfíríkà, tí ń múra láti gba gbogbo ayé lálejò ní 2010, bá Sẹ̀nẹ̀gàl palẹ̀ ẹrù mọ́ láìborí ẹnì kan. Ní gbogbo ìgbà yìí, èmi àti Alájì ń bú akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè olórílẹ̀-èdè ní àbúgbádùn, ìfẹ́ wa sì ń pọ̀ sí i.

Àfi bí àjálù ṣe dé, tí wọ́n ní kí Gánà àti Nàìjíríà pàdé ní Accra ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì. Àwọn ọmọ wa kò ti Sekondi, níbi tí wọ́n ti gbá ìsọ̀rí tiwọn, bọ̀ pẹ̀lú ògo kan tí a lè fi yangàn: Ivory Coast ti na wọ́n ní 1-0, wọ́n ti bá Mali ta ọ̀mì òdo, Benin nìkan ni wọ́n rí lù ní 2-0. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí láago láti Ọ̀fà, ó bú Berti Vogts, ará Jámánì tí ń kọ́ wọn, ó bú gbogbo wọn láti orí aṣọ́lé dé orí ẹni tí ń gbé omi. Bí mo sì ti gbé fóònù sílẹ̀ ni mo jáde sí àgbàlá, tí mo kọjú sí Alájì àti àwọn aládùúgbò, tí mo sì ń ṣàlàyé fún wọn pé ọgbọ́n ni Vogts fi ń pa agbára àwọn ọmọ mọ́ de ìgbẹ̀yìn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí ilé náà bá tilẹ̀ ti ń jò, níwájú àlejò, a ó ní atẹ́gùn ni a ń gbà sínú ilé.

Ní àgbàlá yẹn, èmi nìkan ni Nàìjíríà, àwọn ìyókù ni Gánà, títí kan àwọn ẹtù tí ń ké lórí ògiri. Nígbà tí Yakubu Aiyegbeni gbá pẹnáritì wọlé, mo dìde ìdajì, mo rántí ẹni tí mo jẹ́, mo sì fi ìdajì tí ó kù tún ìró aṣọ mi ṣe. Essien fi orí kan tiwọn wọlé bí ìdajì àkọ́kọ́ ti ń parí lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé mi sókè pẹ̀lú àga. Nígbà tí rẹfirí na káàdì pupa sí John Mensah, ọ̀gá wọn lórí pápá, tí wọ́n ku ẹni mẹ́wàá, àgbàlá pa lọ́lọ́, mo sì fi ojú àánú wò wọ́n, mo ń ronú irú ọ̀rọ̀ ìtùnú tí yóò yẹ àgbà bí Alájì. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde lẹ́nu mi tí Junior Agogo fi gbá èkejì wọlé nígbà tí eré ń lọ sí òpin. Ẹni mẹ́wàá lu ẹni mọ́kànlá! Mo dìde, mo rojọ́: mo fi ọyẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí, mo fi koríko Accra ṣe ẹlẹ́rìí, mo pe rẹfirí lẹ́jọ́, adájọ́ àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń jó, kò sí ẹni tí ó gbọ́ mi. Fóònù sì tún dún, ẹ̀gbọ́n mi ni: "Ṣé o rí àwọn ọ̀lẹ wọ̀nyẹn?" Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, wọ́n gbìyànjú."

Alájì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó gbé túwó ránṣẹ́ sí mi, itan ẹtù kan gbọọrọ sì wà lórí rẹ̀, èyí tí a kì í rí ní ọjọ́ lásán. N kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ bá mi débẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a jọ lọ sí pápá Tamale, níbi tí Kamẹrúùnù ti fi 3-2 lé Tùnísíà rẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn àfikún àkókò, tí Stéphane Mbia gbá méjì nínú rẹ̀. Nígbà tí Kamẹrúùnù yìí kan náà sì kọjá sí Accra, tí Alain Nkong gbá ẹyọ kan tí ó lé Gánà kúrò ní ilé ara rẹ̀, mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó ijó Ọ̀fà tán, mo nu òógùn ojú nù, mo fa ojú ro, mo sì gbé àmàlà àti ẹran lọ kí Alájì kú ìrọ́jú. Ó wo àmàlà, ó wò mí, ó ní àwọn ènìyàn Nàìjíríà kì í gbàgbé oore. Íjíbítì ni ó gba ife náà níkẹyìn, ẹsẹ̀ Aboutrika ni ó parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá wa pín in.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣe é ní àṣepadà. Ní 2022, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú wa ní Abuja, wọ́n sì gba orí wa kọjá lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar, túwó dé. Ní 2024, ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni wọ́n ti já bọ́ nínú Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Ivory Coast, àwa sì dé àṣekágbá kí onílé tó fi 2-1 gbà á. Àmàlà lọ, túwó bọ̀. Wọ́n pàdánù ìdíje ti Morocco pátápátá, nígbà tí Àǹgólà, àyànfẹ́ mi àtijọ́, ṣe olórí ìsọ̀rí wọn. Inú mi kò tíì dùn tán tí Congo Kinshasa fi pẹnáritì dènà wa lọ́nà Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2026, èyí tí Gánà ti rí àyè wọ̀. Alájì ní níwọ̀n bí n kò ti ní ẹnì kankan ní Amẹ́ríkà, kí n wá bá òun bójú tó Black Stars. Mo ní n ó rò ó wò.

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo lọ ṣe Iléyá ní Ọ̀fà, àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó, wọ́n ń bú Super Eagles gẹ́gẹ́ bí ìṣe, èmi náà sì bá wọn bú u láti ìdí ọkàn wá, ara sì tù mí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ti la ẹnu pé Gánà kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, mo ti ka ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gbà láti 1963 títí dé 1982 sí wọn létí, mo ti pe Abedi Pele tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Real Tamale United ní ìgbà èwe rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, mo sì ní kí alátakò mú tirẹ̀ wá. Wọ́n pè mí ní ará Gánà. Ní Tamale, wọ́n ń pè mí ní ará Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ méjì ni mo ń rojọ́ nínú wọn báyìí, n kò tíì jàre nínú ọ̀kankan, àwọn oníbàárà mi méjèèjì kò sì fún mi ní kọ́bọ̀. Bí kò bá sí ti itan ẹtù, ǹ bá ti gba iṣẹ́ mìíràn.