Ta Ló Gbé Agbákò Wá sí Ẹ̀yìnkùlé Wa?

Èmi kì í ṣòfófó o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín jẹ. Ohun tójú mi bá rí lẹnu mi ń sọ. Bó bá sì jẹ́ pé ojú mi tètè ń rí nǹkan ju tàwọn ará ilé yòókù lọ, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Ìyàwó télọ̀ tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, tó ṣàdédé ra fìríìjì, tí ọkọ rẹ̀ ò sì mọ ibi tówó ti wá, n ò ní dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Fìríìjì ọ̀hún ò tiẹ̀ tutù dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló gbé mi dé.

Ẹ mọ bí àgbolé ṣe ń rí tí iléèwé bá ti gba ọlidé gígùn nínú oṣù Keje. Òjò ò ní dá, aṣọ ò ní gbẹ lórí okùn, gbogbo ọmọ á há mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbàdo sísun àti àgbọn nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Tó bá ti tán, ìjà dé. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí mi ò gbọ́ pìn-ín láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ rí, ẹ mọ̀ pé tọ́mọ bá dákẹ́ jù, nǹkan ló ń bà jẹ́. Mo bá yọ́ lọ síbẹ̀. Àyẹ̀wò nìyẹn, kì í ṣe òfófó.

Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ni mo bá, èyí tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Orí odó ló jókòó lé. Odó o! Odó tí a kì í jókòó lé! Mo ti la ẹnu kí n pariwo, ni mo bá gbọ́ ohun tó ń kà sáwọn yòókù létí, mo sì pa ẹnu náà dé. Ìwé bàbá àgbà rẹ̀ ni, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó kọ, tó jáde lọ́dún 1938. Ó ti dé ibi tí Akàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, ti ko Agbákò, abàmì ẹ̀dá tó dé fìlà irin, tó wọ ẹ̀wù bàbà, tí ojú mẹ́rìndínlógún sì yí orí rẹ̀ ká. Ni ọmọ télọ̀ bá ní kó dúró ná. Ó ní tí Agbákò bá fẹ́ sùn, ṣé gbogbo ojú yẹn ló ń dì pọ̀, àbí àwọn kan ń ṣọ́ ilé? Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ̀yìnkùlé wa ti di igbó. Igi máńgòrò di Òkè Láńgbòdó inú ìwé náà, àwọn ọmọ sì pín àwọn ọdẹ inú rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọmọ télọ̀ gbé orógùn ìyá rẹ̀, ó ní òun ni Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn. Èyí tí ohùn rẹ̀ dùn ju tàwọn yòókù lọ gba Olóhùn-iyọ̀. Orí Ìmọ̀dòye ni ìjà ti ṣẹlẹ̀, nítorí ọlọ́gbọ́n ni, ta ló sì fẹ́ gbà pé ẹnìkejì gbọ́n ju òun lọ? Agbákò ńkọ́? Bàbá onílé ni. Bàbá ò mọ̀ o. Tó bá ti gbé fìlà rẹ̀ dé, tó wúkọ́ jáde, wọ́n á fọ́n ká bí ẹyẹ ìbákà. Ó wá ń sọ kiri àdúgbò pé àwọn ọmọ ilé òun mà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń bẹ̀rù àgbà. Mo mọ òótọ́, mi ò sọ fún un. Ẹ rí i báyìí pé mo lè pa nǹkan mọ́ra?

Ìwé ló ń ṣe irú èyí fọ́mọ. Ẹ wo Wọlé Ṣóyínká. Nínú Aké, ìwé tó kọ lórí ìgbà èwe rẹ̀ lọ́dún 1981, ó ní òun ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tóun fi kó ìwé bàbá òun, tóun tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé ẹ̀kọ́. Ní àgbolé tiwa, ìyẹn ì bá jẹ ẹgba: ta ló ní kó o fọwọ́ kan ìwé bàbá ẹ? Òun náà ló padà wá túmọ̀ ìwé Fágúnwà yìí sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Amos Tutùọlá ńkọ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí kò kàwé jìnnà? Ìwé tiẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, ìtàn ọkùnrin tó wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú lọ dé ìlú àwọn òkú. Torí ẹmu! Mo mọ ọkùnrin kan lójúlé kẹta tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n padà sọ́rọ̀ mi.

Ìyá ẹlẹ́kọ ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ tí kò bá lọ lẹ́sìn nígbà ọlidé á gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, ló bá lọ háyà tíṣà. Tíṣà dé, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó ní kò sí nínú ohun tí wọ́n máa fi ṣèdánwò. Bẹ́ẹ̀ tíṣà ni Fágúnwà náà, Ọ̀yọ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nígbà tó kọ ọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni iléèwé fi ń lo ọmọ lọ́dún. Èyí tó kù, ẹ tún ní kó wá fi jókòó sójú pátákó? Ìwà ìkà ni, mo sì sọ ọ́ lójú ìyá ẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ìtàn náà wá dúró? Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀ látorí ara rẹ̀. Mo fi etí mi gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé: ó ní Akàrà-ògùn dé ìlú kan tí iwin obìnrin kan ń gbé, etí rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ló ń sùn sí, oúnjẹ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀, ta ni wọ́n ń bá wí? Ìgbà tó yá ló yé mi: ìyàwó télọ̀ ni.

Ọlidé mìíràn ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní Igbó Olódùmarè nílé, èyí tó jáde lọ́dún 1949, tí ìtàn bàbá Akàrà-ògùn wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yá àwọn ọmọ wa. Bẹ́ ẹ bá rò pé wọ́n á fà á ya, ẹ bá mi wá a sílẹ̀ ní yàrá yín, èmi fúnra mi á wá mú un. Mi ò ní wo inú ilé.