Táyà Ìgbà Gbogbo

Olówó Adó-Èkìtì ra jíìpù asáré-bí-ẹfúùfù, ó wá ń wá táyà M+S tó wà fún ẹrẹ̀ àti òjò dídì. Ẹrẹ̀ ń bẹ lóòótọ́. Òjò dídì ńkọ́? Inú fìrísà la ti ń rí ìbátan rẹ̀, bí iná bá wà. Ẹ lè sọ pé táyà tó kápá òjò dídì yóò kápá òjò tiwa. Kò burú, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gbó kò kápá nǹkan kan. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT ara táyà ni kí ẹ kà: 2316 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ dínwó, àmọ́ ẹni tó rówó ra ẹṣin kì í wá pátákò àlòkù sí i lẹ́sẹ̀.