Pẹ́ńgúìnì Òkukù

Iṣẹ́ àkójọ ẹyẹ Nàìjíríà, tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní ìlú Jos ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí àpótí kéékèèké lórí máàpù, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹyẹ inú àpótí kan yóò lo wákàtí 2 ó kéré tán láàárín ọjọ́ 5, yóò sì máa kọ orúkọ ẹyẹ sílẹ̀ bó bá ṣe ń rí wọn tàbí gbọ́ ohùn wọn. Áàpù BirdLasser, tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà, ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ ọ́. Kò pọn dandan kí olùkópa jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ibẹ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé yìí gbà wọlé.

Ọ̀nà tó gba Ìkìrun àti Inísà lọ sí Òkukù gùn ju àpótí kan lọ, ṣùgbọ́n ẹyẹ ibẹ̀ kì í fara pamọ́. Ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ, kannakánná ń gbọ́n ààtàn ọjà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, lékeléke ń tẹ̀ lé màlúù lọ sí etí odò Ọ̀tìn. Ìṣòro wà nínú títẹ orúkọ wọn. Nínú ìwé orúkọ tó kó ẹyẹ gbogbo Áfíríkà pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, African Pied Hornbill ni àtíòro ń jẹ́, African Penguin kò sì jìnnà sí i lókè. Àtíòro kan fò kọjá ní Òkukù. Pẹ́ńgúìnì ni òǹkọ̀wé yìí tẹ̀. Etíkun Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà ni pẹ́ńgúìnì náà ń gbé. Kì í fò rárá.

Bí ẹyẹ tí a kò retí bá yọjú nínú àpótí kan, àwọn olùyẹ̀wò a máa kọ̀wé sí ẹni tó fi í ránṣẹ́, kó ṣàlàyé ohun tó rí tàbí kó fà á sẹ́yìn. Ìwé náà kì í ní ìbínú nínú, èyí tó tún burú ju èébú lọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: mo ṣì í tẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yọ ọ́. Ojú ti òǹkọ̀wé yìí láti kọ ìlà kan náà, ló bá pinnu láti tún gbogbo fáìlì ṣe.

Àtúnṣe ní àṣìṣe tirẹ̀. Ètò táábìlì orí kọ̀ǹpútà a máa gbé òdo iwájú nọ́ńbà mì. Ó tún lè sọ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, láìbi ẹnikẹ́ni. Èyí tó le jù ni pípààrọ̀ nọ́ńbà ibùdó. Ìkìrun wà ní nǹkan bíi dígírì 7.9 sí àríwá agbedeméjì ayé, àti dígírì 4.7 sí ìlà-oòrùn Greenwich. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì yóò bá ara rẹ̀ ní agbègbè Eket, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Báyìí ni ẹ̀gà, kannakánná àti lékeléke ṣe kó lọ sí Eket lóòjọ́. Pẹ́ńgúìnì bá wọn lọ. Òun nìkan ló jèrè, nítorí ó súnmọ́ òkun díẹ̀.

Fáìlì tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ dání. Bí nọ́ńbà bá yí padà, ìrìn tuntun ni kọ̀ǹpútà kà á sí, á sì tọ́jú méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Inísà, iná lọ nígbà tí fáìlì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, òǹkọ̀wé yìí tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀ sí i. Orúkọ àwọn fáìlì náà ni “àtúnṣe”, “àtúnṣe gidi” àti “èyí ni kẹ́ ẹ lò”. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù béèrè pé, “Bọ̀dá, ṣé adìẹ yín ti pọ̀ tó báyìí ni?”

Àwọn tó ń so ẹ̀rọ mọ́ ẹranko lára náà mọ ìyà yìí. Aago Greenwich ni Movebank, ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ wọn tó wà lábẹ́ ilé ìwádìí Max Planck ní Jámánì, ń lò, Nàìjíríà sì fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀. Àdán tó jáde ní 6:30 ìrọ̀lẹ́ níhìn-ín, 5:30 ló jẹ́ níbẹ̀. Bí alátùn-únṣe bá yọ wákàtí náà lẹ́ẹ̀mejì, àdán á jáde nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Wọ́n lè sàmì sí ìlà tó bá ní àṣìṣe níbẹ̀ láìpa á rẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí a ṣe ń tún un fi ránṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. A ó pa fáìlì àkọ́kọ́ mọ́ láìfọwọ́ kàn án, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó yí ìlà tó ṣì nìkan padà. A ó kọ̀wé sí àwọn olùyẹ̀wò, ká dárúkọ ìlà náà àti ẹ̀dà tó yẹ kí wọ́n yọ. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí máàpù wò; bí àmì kankan kò bá sí ní Eket mọ́, iṣẹ́ ti parí.