Kí Ìjọba Máa Fún Òǹkàwé ní Láísẹ́ǹsì

Bí àbúrò ẹni bá pe fóònù láago mẹ́rin ìdájí, a ó rò pé ọlọ́pàá ti mú un, tàbí pé owó ló ń wá. Ti Rob Sutherland le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé The Unlikely Escape of Uriah Heep, tí H. G. Parry, ọmọ New Zealand, gbé jáde lọ́dún 2019, Charley àbúrò rẹ̀ pè é pé Uriah Heep ti já lájà kẹsàn-án, apá òun ò sì ká a mọ́.

Uriah wo? Akọ̀wé lọ́yà inú David Copperfield tí Charles Dickens kọ parí lọ́dún 1850 ni o, alárèékérekè tó ń fọwọ́ ra ọwọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní onírẹ̀lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ọ̀gá rẹ̀ run. Charley ló kàwé kàwé títí ẹni inú ìwé fi bọ́ síta. Bí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ wọ Wellington, ìlú New Zealand tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, á wá físà, á kó ìwé báǹkì sílẹ̀. Uriah ò tilẹ̀ ní páálí! Rob ni lọ́yà, òun lẹ̀gbọ́n, òun náà ni yóò dìde lórí ibùsùn lọ mú un. Àbúrò ní ọpọlọ, ẹ̀gbọ́n ní wàhálà.

Uriah kọ́ ni mo fẹ́ bá jà ṣá. Àwọn òǹkàwé ni. Nínú ìtàn yìí, bí òǹkàwé bá ṣe róye ẹ̀dá inú ìwé sí ló ṣe máa jáde. Ọ̀gbẹ́ni Darcy kan ṣoṣo, agbéraga inú Pride and Prejudice, ni Jane Austen bí lọ́dún 1813. Àwọn òǹkàwé sọ ọ́ di ìbarùn-ún, gbogbo wọn sì ń gbé àdúgbò kan ní Wellington. Agbéraga márùn-ún! Ta ni yóò kọ́kọ́ kí èkejì láàárọ̀?

Ìdí rèé tí mo fi ní kí ìjọba máa fún òǹkàwé ní láísẹ́ǹsì. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ tó bá ń wàásù pé olólùfẹ́ tòótọ́ ni Heathcliff, òǹrorò inú Wuthering Heights tó so ajá rọ̀, kó mú un lọ sílé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ajá rẹ̀ pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé àkékúrú ìtàn ló kà mọ́jú ìdánwò ńkọ́? Ẹ̀dá inú ìwé tirẹ̀ á yọ láìní ojú, láìní imú, àfi orúkọ àti ìwà mẹ́ta tí tíṣà ní kó há sórí. Olùyẹ̀wò á wò ó tòkè tilẹ̀, á sì fún un ní máàkì tó pé.