Wọ́n Ní Irúgbìn Ni

Ẹ gbọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ.

Baba kan ní abúlé kan lẹ́yìn Làlúpọn ti so àgbàdo kọ́ sókè ààrò, ó ń dúró de òjò àkọ́rọ̀. Òjò rọ̀, ó nawọ́ sókè, okùn lásán ló bá. Ó bi ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní, "Baba wa, mo ti gbin irúgbìn náà." Baba ní oko wo? Ìyàwó ní ilé Olúwa ni. Àṣé ó ti tà á ní Ìyànà Ọ̀fà, ó ki owó bọ ẹ̀nfílóòpù, wọ́n sì gbàdúrà sí i pé yóò so ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Háà! Oṣù ń lọ, àwọn aládùúgbò ti ń kọ ebè, àgbẹ̀ pọ́ńbélé ń tọrọ àgbàdo káàkiri, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ wà lápò pásítọ̀.

Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí áfáà bá ní kí ẹ dín àkàrà fún àwọn ọmọdé, ẹ ní sàráà ni. Bí babaláwo lọ́nà Akáǹrán bá ní kí ẹ dín àkàrà kan náà, fún àwọn ọmọ kan náà, ẹbọ ni, ẹ ó sì máa tutọ́. Àwọn ọmọ ń jẹ tiwọn o.

Ọ̀dọ̀ mùsùlùmí sì ni àwọn onígbàgbọ́ ti rí ọ̀rọ̀ náà, àdúrà, tí wọ́n fi ń jí wa lóru, àti ìwàásù, àti àlùfáà, àti wòlíì. Èdè Lárúbáwá ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti wá. Wọ́n tún gba kèfèrí mọ́ ọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi bú ẹni tó ni ín. Ojú ò tì wọ́n!

Ti Èṣù wá burú jù. Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ òrìṣà náà pe ọ̀tá Ọlọ́run nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Àwọn ọmọ Èṣùbíyìí ti sá di Olúbíyìí. Àwọn olè sì rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Alájọ kan ní Mọ́níyà kó owó àwọn oníṣu jẹ. Wọ́n mú un, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá èṣù wí kíkankíkan. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọ̀kadà tuntun tó wà lẹ́yìnkùlé ńkọ́, ṣé Èṣù ló ń gùn ún?

Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ mi. Bùrọ̀dá kan wà ní Ẹgbẹ́dá, ó níyàwó, ó bímọ. Ẹni tó ń gbé sẹ́yìn ọ̀kadà lálaalẹ́ kì í ṣe ìyàwó ọ̀hún. Ẹ bi í, á ní, "Arábìnrin mi nínú Olúwa ni." Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn àgbà á bi í pé ìyá wo ló bí ẹ̀yin méjèèjì. Ní báyìí, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ìṣọ́ òru ni àwọn ń lọ. Ìṣọ́ òru, lọ́jọ́ tí àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì! Ìyàwó ilé sunkún lọ bá àwọn aṣáájú, wọ́n ní ẹ̀mí owú ló ń bá a jà, kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà á.

Mo gbọ́ pé arábìnrin náà ti ń bì láràárọ̀ báyìí, kò sì fẹ́ràn òórùn ẹ̀fọ́. Bùrọ̀dá ní kí ìjọ máa retí àwọn lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ní ẹ̀rí láti jẹ́. Ẹ̀rí wo ló tún kù?