Alálàyé Fíìmù

Ìkìrun ní alálàyé fíìmù tirẹ̀, Inísà ní tirẹ̀. Ti Òkukù tiẹ̀ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fura. Ẹ má bi mí pé ìlú wo lèyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ń gbé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ọ̀nà wọn kò jìn síra, ọ̀rọ̀ á tètè dé etí ẹ̀.

Kò wọ bàálù rí, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí kò mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó bá ti ki fláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n onílé, àlàyé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Fíìmù yìí, ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o." Òótọ́ tó máa sọ lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Rise of the Footsoldier ló gbé wá, fíìmù olówó táṣẹ́rẹ́ tó jáde ní 2007. Ìtàn Carlton Leach ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tó ti inú ìjà ìgboro àwọn olólùfẹ́ West Ham bọ́ sídìí ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó. Fíìmù náà wá kángun sórí géńdé mẹ́ta tí wọ́n yìnbọn pa sínú Range Rover ní Rettendon, ní Essex, ní December 1995. Ikú mẹ́ta yìí náà ni wọ́n ti wò ṣe Essex Boys ní 2000, wọ́n tún fi ṣe Bonded by Blood ní 2010. Ṣé òkú là ń sin lásintúnsin báyẹn?

Ìbọn ò tí ì dún tí ọ̀rẹ́ mi fi ní, "Àwọn tó wà nínú mọ́tò yẹn, gbogbo wọn ló máa kú." Mo ní kó jẹ́ n wò ó. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan. Ó da ẹ̀pà sẹ́nu, ó fẹ́ èèpo ẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó wá na rìmóòtù: "Wo eléyìí dáadáa. Ọ̀dàlẹ̀ ni."

Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Essex yìí, gígé ni wọ́n ń gé e mì. N ò gbọ́. Òun náà ò gbọ́, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Òyìnbó kan sọ̀rọ̀ títí, mo ní kí ló wí? "Ó ní kó san owó òun." Èkejì náà fèsì, ó gùn jọjọ. "Ó ní kò sówó." Kí n má parọ́, ó jọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Ìyàwó mi gbé omi wọlé. "Bọ̀dá, èwo ni áákítọ̀ níbẹ̀?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó dákẹ́ nìyẹn. Áákítọ̀ kì í kú, òfin tó ti ń fi wo fíìmù láti kékeré nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí sì rèé, jàgùdà ni gbogbo wọn, wọ́n tún ń kú. Èyí tó dùn ún jù ni Pat Tate, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta inú Range Rover yẹn, tí Craig Fairbrass ṣe. Ojú wa ni wọ́n ṣe pa á, òun ló tún ń jayé nínú Rise of the Footsoldier: Marbella ti 2019, ó tún wà nínú ti 2023. Ẹ̀yìn làwọn tó ṣe é kàn padà sí, sí ìgbà tó ṣì wà láyé, torí pé ọjà ń tà. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀ jálẹ̀.

"Àkúdàáyà ni. Wọ́n pa á ní Essex, ó lọ ń gbé Spain."

Ìyàwó mi ní, "Ṣé ìyàwó tó wà ní Essex ti gbọ́?"

Ó ní ìyẹn ń bọ̀ nínú èyí tí wọn ò tí ì yà, pé òun ti mọ bó ṣe máa parí.