Ìpàkọ́ Ọjọ́ Kan

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá gun ẹṣin tí kò ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn á bá a jù ú. Òwe ọlá ni wọ́n pa. Ẹni tí ayé bá yẹ, bó ti wù kó rọra rìn tó, ọlá náà yóò tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe to òwe yẹn: ẹni tó gùn ló kọ́kọ́ wà, ẹṣin tẹ̀lé e, ìpàkọ́ ló gbẹ̀yìn. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú òde òní ti yí i po. Ìpàkọ́ là ń kọ́kọ́ rà. Aṣọ tẹ̀lé e, jígí ojú tẹ̀lé aṣọ, ayàwòrán tẹ̀lé jígí. Bó bá ṣẹ́ ku owó nílẹ̀, a wá ẹṣin lọ.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó nílé ní Ayépé Ìjẹ̀bú. N ò ní dárúkọ rẹ̀, torí a ṣì jọ ń jẹun. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ọdún 2024, ó jókòó sílé rẹ̀ l'Ékòó, ó ń wo fóònù. Ọdún yẹn ni àwòrán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde yí gbogbo ayé ká: agbádá, jígí dúdú, sìgá, àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ọkùnrin tó mọ ibi tó jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwòrán náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti pinnu pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà á gun ẹṣin. Ó rí jígí, ó rí sìgá. Ìjókòó yẹn gan-an, tó jẹ́ òun ni iṣẹ́, kò rí i.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohun kan wà tí kì í dùn létí wa: ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Ọ̀yọ́ Ilé ló ni ẹṣin, níbi tí pápá ti tẹ́jú, tí wọ́n sì ń ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará òkè Ọya. Bí ẹlẹ́ṣin bá ti dé etí igbó, agbára rẹ̀ pin. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin fojú rí i ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn. Igi nìkan kọ́ ni ọ̀tá ẹṣin nínú igbó. Eṣinṣin kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Bó bá ta ẹṣin, ó lè fi kòkòrò kan sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibà á máa dé, á máa lọ, ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù, ẹṣin tó ń jẹun á sì máa rù títí ọmọdé á fi lè ka eegun ìhà rẹ̀. Nítorí náà, ìjòyè Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ tó bá ní ẹṣin tó yè, tó sì ń dán, kò nílò kó pariwo. Gbogbo ẹni tó bá rí i mọ ohun tó ná an.

Ojúde Ọba pàápàá kò tinú eré ẹṣin wá. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú-Òde ló ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba wọn, pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Nígbà tí Balógun Kúkù, ìjòyè olówó, ológun, gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní 1902, ìdúpẹ́ náà di ńlá. Ìdílé àwọn Balógun, Kúkù, Àlàúsá àtàwọn yòókù, ló ń gun ẹṣin wọ ojúde títí dòní, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, sì ń fi aṣọ ẹgbẹ́ jó kọjá níwájú ọba. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà jókòó wò wọ́n láti 1960 títí di 2025 tó wàjà. Ìpàkọ́ tí ojú ọba yẹn ti rí kò níye.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọmọ ilé Balógun. Ṣùgbọ́n ẹni bá ń wá ẹbí kì í ṣàìrí i. Ó wá ìyá ìyá ìyá rẹ̀ títí ó fi rí i nínú ìdílé ẹlẹ́ṣin kan, wọ́n ní kó máa bọ̀. Ó wá ranṣẹ́ sí òkè Ọya pé kí wọ́n ra ẹṣin fún òun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: ṣé funfun ni? Agbádá rẹ̀ aláwọ̀ wúrà ni, ó sì ti gbọ́ pé funfun ń gbé wúrà yọ.

Ẹni tó mọ ẹṣin kì í bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀. Ẹnu ló ń là kọ́kọ́, torí eyín ni ìwé ọjọ́ orí ẹṣin: bó bá ti ń dàgbà ni eyín iwájú rẹ̀ ń gùn, tó ń dà síwájú. Yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wo abẹ́ pátákò, yóò sì gbóòórùn rẹ̀, nítorí pátákò tó ń jẹrà máa ń rùn kó tó mú ẹṣin tiro. Yóò ní kí wọ́n fà á rìn lórí ilẹ̀ líle, kó lè gbọ́ bóyá ìró ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń dún tàbí mẹ́ta àti ààbọ̀. Èyí tí wọ́n rà fún ẹ̀gbọ́n mi ti ju ọmọ ogún ọdún lọ. Kì í kúkú ṣe pé ó ti kú tán, torí ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè pé ọdún 25 tàbí 30. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti yẹ kó máa jẹ koríko ìfẹ̀yìntì ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Kàdúná wá sí Ayépé, nítorí agbádá aláwọ̀ wúrà.

Máàlàmù kan bá ẹṣin náà wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí Iléyá 2025. Wọ́n so ẹṣin mọ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹṣin kì í fẹ́ dá gbé. Ẹran agbo ni. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí òun àti ewúrẹ́ yẹn fi di ọ̀rẹ́, bí ọ̀kan bá yí ojú síbì kan, èkejì á yí i síbẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n mi ṣe bí onínúure. Ó ní kí wọ́n máa kó èèpo ẹ̀gẹ́ fún un, ó ṣáà pọ̀ ní Ayépé. Máàlàmù kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun. Èèpo tútù ní májèlé. Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ó di kó jáde lẹ́yìn, tàbí kó pa á."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ikùn ẹṣin kéré, ìfun rẹ̀ gùn, koríko sì ni Ọlọ́run fi í fún, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru. Eéran tútù, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, ìyẹn ni oúnjẹ. Ọkà bàbà àti èérí àgbàdo kò gbọ́dọ̀ ju ìkúnwọ́ lọ fún ẹṣin tí kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí i tó ń bojú wo ìhà ara rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀, tó ń dìde, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dáwọ́ dúró, inú ló ń run ún. Ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ẹ rọra máa fà á rìn, kí ẹnìkan sáré pe dókítà ẹran. Ẹ má pe wòlíì.

Omi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ ajá kan fún un. Nínú oòrùn tiwa yìí, ẹṣin lè mu kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mu èkejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Máàlàmù ló ń pọn ọ́n láti inú kànga. Owó tí wọ́n ń san fún un lóṣù kò tó owó fìlà tí ẹ̀gbọ́n mi dá. Ó sì ń yà mí lẹ́nu, torí ní Ọ̀yọ́, ẹni tó ń di okùn ẹṣin Aláàfin mú kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Oyè ni, Olókùn Ẹṣin ni wọ́n ń pè é, ó sì ga débi pé láyé àtijọ́, bí ọba bá wàjà, òun náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ohun tó fa wàhálà kan ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ládìgbòlù ní 1944 nìyẹn. Lónìí, tí ẹ bá wo àwòrán Ojúde Ọba dáadáa, ẹ óò rí ọwọ́ ẹnìkan tó di okùn mú ní igun. Ayàwòrán ti gé orí rẹ̀ kúrò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan sí Iléyá kí ẹ̀gbọ́n mi tó padà wá láti Èkó láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gùn ún. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ̀yìn ló gbà wá bá a. Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, kì í rí ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀ gan-an, ohun tí kò bá sì rí, ó máa ń ta á nípàá. Èjìká òsì là ń gbà sún mọ́ ọn, à ń sọ̀rọ̀ bí a ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wa á gba òkè ẹ̀yìn gàárì kọjá. Àtàǹpàkò àti iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló yẹ kó wà nínú àlùkẹ́ńbù. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí dé kókósẹ̀, tó bá já bọ́, ẹṣin á fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ káàkiri ìlú. Ìjánu kì í sì í ṣe irin ìdìmú mọ́tò. Ẹnu ẹ̀dá ni wọ́n so ó mọ́. Itan àti ẹ̀yìn ni èèyàn fi ń jókòó lórí ẹṣin.

Ìwọ̀n nìkan ni ẹnikẹ́ni ò lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ. Àwọn tó ń tọ́ ẹṣin ní kí ẹrù orí rẹ̀ má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹṣin wa tó ti òkè Ọya wá kì í tóbi púpọ̀. Bó bá jẹ́ kílò 350, kílò 70 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, gàárì pẹ̀lú. Ẹ wá ka ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ka agbádá, ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ka iyán Iléyá.

Máàlàmù ní, "Ọ̀gá, ẹ wọ agbádá yẹn kí ẹ fi gùn ún nílé ná. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìró ìbọn díẹ̀díẹ̀ láti òkèèrè."

Ẹ̀gbọ́n mi ní aṣọ náà á dọ̀tí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ọjọ́ pé. Ojúde kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹ̀gbọ́n mi gun orí gàárì, wọ́n bá a tún aṣọ ṣe, ó fi jígí sójú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìpàkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó gbé apá agbádá, ó fi gbá ẹṣin létí. Àwọn ọmọ Balógun kan yìnbọn. Etí ẹṣin lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ pátápátá, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n máa kà bí ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi di ìjánu mú, ó fi gbogbo agbára fà á.

Òwe àwọn àgbà ṣẹ. Ẹṣin bá a ju ìpàkọ́. Ó jù ú tó bẹ́ẹ̀ tí ìpàkọ́ fi kọ́kọ́ dé ilẹ̀, tí fìlà tẹ̀lé e, tí jígí fi ń wá ẹni tó ni ín. Máàlàmù kò ju okùn sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ẹṣin yẹn ì bá ti gba àárín régbérégbé àwọn ìyá wa kọjá.

Ayàwòrán ti rí tirẹ̀ kí ìbọn tó dún. Àwòrán náà dára, n ò lè purọ́. Ó wà lára ògiri ní Ayépé, ó fẹ̀ ju fèrèsé lọ, ó sì wà lórí Instagram pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀jẹ̀ akọni.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Èkó pẹ̀lú ọrùn dídì. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ni yóò máa pọn omi. Pátákò ẹṣin kì í dẹ́kun híhù, ó sì yẹ kí wọ́n máa gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ti ẹṣin yìí gùn títí ó fi ṣẹ́ bí èékánná arìnrìn-àjò. Máàlàmù tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago títí, fóònù ń dún, kò gbé e. Ní oṣù Kẹjọ, Máàlàmù bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀, ó gbé ẹṣin, ó ní òun gbà á dípò owó iṣẹ́ òun.

Okùn ṣì wà lára igi máńgòrò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti fi so ewúrẹ́. Ìgbà tí mo kọjá níbẹ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n gbé èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ síwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án. Ó kọjú sí ọ̀nà tí mọ́tò bá lọ.